Ilé Ara Ẹni, Ilé Àyágbé, àti Gbèsè: Ohun tí Ìtàn Èkó Kọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lójú Yorùbá. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí kò sì ní ilé tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti hu ewú, àwọn kan a máa wò ó bí ẹni tí kò tíì dàgbà. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ń gbé inú ilé àyágbé, tí gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀, ìbéèrè kan kì í jẹ́ kí ó sùn: kí ó ha tún yá owó sí i, kí ó fi ra ilé, kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ onílé? Tàbí kí ó jókòó síbi tí ó wà, kí ó kọ́kọ́ san ohun tí ó jẹ? Ẹnu àwọn ènìyàn kò kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní owó tí a ń san fún onílé dà bí omi tí a dà sínú apẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn ní onígbèsè kò gbọdọ̀ bèèrè iye tí à ń ta bíríkì.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní ọgọ́jọ ọdún tí àwọn ará Èkó ti ń dojú kọ ọ́, àwọn mìíràn sì san owó ẹ̀kọ́ tí ó pọ̀ lórí rẹ̀. Ó yẹ kí a gbọ́ ìtàn wọn kí a tó dá ìdájọ́.

Ní ayé àtijọ́, kò sí ohun tí ń jẹ́ owó ilé ní àárín àwọn baba wa. Inú agboolé ni a ń bí ọmọ sí. Bí ọmọkùnrin bá fẹ́ gbé ìyàwó, a fún un ní yàrá, tàbí kí ó bẹ ọ̀wẹ̀, kí àwọn ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọ̀rẹ́ bá a po ilẹ̀, kí wọ́n sì mọ ilé tirẹ̀ kún ti àwọn baba rẹ̀. Àlejò tí ó bá wọ ìlú a wá baálé kan fara mọ́, a sì rí ibi gbé. Ilẹ̀ kì í ṣe ohun títà, nítorí pé àwọn tí ó wà láàyè kàn ń ṣọ́ ọ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni.

Ṣùgbọ́n gbèsè wà, nítorí ìsìnkú wà, ìgbéyàwó wà, ogun àti ẹjọ́ sì wà. Bí a kò bá lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onígbèsè, kín ni a óò gbà? Ara rẹ̀ ni. Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣe àlàyé ètò ìwọ̀fà fún wa. Ẹni tí ó yá owó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà náà ń ṣe ni èlé orí owó, títí di ọjọ́ tí a óò san ojú owó pé. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ìlú ni síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè tà á. Johnson tún sọ nípa ológò, ẹni tí olówó ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti lọ jókòó ti onígbèsè. Ológò a wọ inú ilé onígbèsè, a máa pariwo, a máa ṣe bí ó ti wù ú, a sì máa mú adìyẹ tí ó bá rí, títí ìtìjú yóò fi mú gbogbo agboolé wá owó náà san. Ìyà ńlá ni èyí jẹ́, a kò sì gbọdọ̀ máa ṣàárò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun kan: ológò lè kó adìyẹ lọ, ṣùgbọ́n kò lè gbé ilé lọ. Onígbèsè tí ó ti sìn títí tí ó rẹ̀ ẹ́ ṣì ní ibi tí yóò sùn.

Èkó ni ọ̀ràn yìí ti kọ́kọ́ yí padà. Ní oṣù December 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akítóyè padà sí i. Ní ọjọ́ 6 oṣù August 1861, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Láàrin àkókò yìí, àwọn Sàró ti ń ti Sierra Leone bọ̀, àwọn Àgùdà sì ń ti Brazil àti Cuba bọ̀. Gbogbo wọn ń wá ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́ ilé sí. Ọba a máa fún wọn ní ilẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Lẹ́yìn 1861, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ Ọbabìnrin fún àwọn ènìyàn ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìwé náà kéré, ṣùgbọ́n ó ṣe ohun tí a kò ṣe rí: ó fi hàn pé ilé yìí jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tí ó bá sì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ẹni náà lè tà á, ó sì lè fi í dógò.

Kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò fi mọ ìwúlò èyí. Ṣáájú kí Bank of British West Africa tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1894, ọwọ́ àwọn òyìnbó oníṣòwò àti àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú, irú Daniel Conrad Táíwò tí a mọ̀ sí Táíwò Olówó, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń rí àwìn. Wọn a gba aṣọ, ọtí, tábà àti iyọ̀ láwìn, wọn a kó wọn lọ sí òkè, wọn a sì fi epo pupa àti èkùrọ́ san án padà. Ẹni tí ń fúnni láwìn a béèrè ohun ìdúró. Ìwọ̀fà kò wu òyìnbó. Ìwé ilé ni ó wù ú. Báyìí ni ilé bọ́ sí ipò tí ara ènìyàn wà tẹ́lẹ̀.

Bí ọ̀nà bá là, tí epo sì ń wọlé, gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ ń dùn. Ṣùgbọ́n ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká títí di 1893. Léraléra ni a ń dí ọ̀nà, tí ọjà òkè kò lè sọ̀kalẹ̀ wá sí etí òkun. Láàrin àwọn ọdún 1880 sí 1890 pẹ̀lú, iye tí wọ́n ń ra epo ní Yúróòpù wá sílẹ̀. Gbèsè kò bá ogun dúró, kò sì bá epo lọ sílẹ̀. Ẹjọ́ dé, ìdájọ́ dé, agogo gbàǹjo sì dún lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn tí ó ti jẹ́ ẹni iyì láàárọ̀ àná. Ilé náà kò ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ti kọ́ parí, tí ẹnikẹ́ni kò sì jẹ gbèsè kankan lórí wọn. Ọjà tí onílé kò lè pàṣẹ fún ni a fi wọ́n dúró fún; nígbà tí ọjà kú, ilé bá a lọ.

Àwọn àgbà rí èyí, wọ́n sì wá ọgbọ́n sí i. Baba tí ó bá kọ́ ilé a sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó kú pé ilé yìí kì í ṣe títà, ilé ẹbí ni. Ilé-ẹjọ́ pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé, tí a dá ní Èkó ní 1908 àti 1909, àwọn adájọ́ jẹ́rìí sí i pé irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ọmọ baba pọ̀. Ní 1921, nígbà tí Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, bá ìjọba ṣe ẹjọ́ lórí ilẹ̀ Àpápá títí dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ìdájọ́ fi hàn pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Nítorí náà, ọmọ kan kò lè fi ilé ẹbí san gbèsè ti ara rẹ̀ láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà fọwọ́ sí i. Ààbò ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó ní ìnira tirẹ̀: yàrá kò tó, àtúnṣe kò rí ẹni ṣe é, ẹni tí ó sì fẹ́ lo ọgbọ́n ara rẹ̀ a kó jáde lọ yá ilé gbé.

Àwọn ayálégbé sì ń pọ̀ sí i. Rélùwéè dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901. Akọ̀wé, oníṣẹ́ ọwọ́ àti òṣìṣẹ́ ojú irin rọ́ wá sí Èkó láti ibi gbogbo. Àjàkálẹ̀ àrùn tí èkúté ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní 1924, ìjọba sì dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Nígbà tí ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ́yìn 1955, a kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Súrùlérè. Ilé Súrùlérè mọ́, ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń gbé ilé bàbá rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ilé lóṣooṣù, ó sì tún ń san owó ọkọ̀ lọ sí ọjà tí ó ti wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti inú èyí ni a ti mọ̀ pé iye ilé kò parí sí orí owó tí a fi gbà á. Ibi tí ó wà pẹ̀lú ń gba owó.

Ǹjẹ́ ó ha sí bí aláìní ṣe lè fi gbèsè kọ́ ilé kí ó má sì pàdánù rẹ̀? Ó wà. Gbogbo wa ni a mọ èsúsú: àwọn ènìyàn a máa dá iye owó kan náà ní àkókò kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan a sì máa kó gbogbo rẹ̀ ní ìtẹ̀léra. Ó yani lẹ́nu pé irú ọgbọ́n yìí gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ ilé. Ní 1775, ní ìlú Birmingham, a dá ẹgbẹ́ ìkọ́lé kan sílẹ̀ ní ilé ọtí Richard Ketley. Òun ni a mọ̀ sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù ń dá owó lóṣooṣù. Bí owó bá tó kọ́ ilé kan, wọn a lè ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò gbà á. Ẹni tí ó ti gba ilé kò dẹ́kun owó dídá títí gbogbo wọn yóò fi ní ilé. Nígbà náà ni ẹgbẹ́ a tú ká. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ gba ilé nínú wọn, onígbèsè ni. Ṣùgbọ́n gbèsè rẹ̀ kì í ṣe irú ti oníṣòwò Èkó. Ó mọ iye tí yóò san, ó mọ ìgbà tí yóò parí, ilé náà sì dúró fún gbèsè ti ara rẹ̀ nìkan. Nígbà tí a kúrò nínú òfin yìí, ìparun dé. Ẹgbẹ́ ìkọ́lé tí a ń pè ní Liberator, tí Jabez Balfour dá sílẹ̀, kó owó àwọn tálákà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ dípò kí ó yá a fún àwọn tí ń ra ilé gbé. Ó wó ní 1892, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì pàdánù ohun tí wọ́n ti fi pamọ́. A sì gbọ́dọ̀ rántí pé títí di ogun 1914, àwọn tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, títí kan àwọn ẹni iyì, ni ó jẹ́ ayálégbé. Ẹnikẹ́ni kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà.

Ọgbọ́n yìí dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. A dá Nigerian Building Society sílẹ̀ ní 1956. Ní 1977 ó di Federal Mortgage Bank. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, a sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ rẹ̀ kí a tó lè fi ilé dógò. Nítorí náà, ẹni tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ kò pé a máa bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí èlé wọn wúwo. Òfin 1992 ní kí òṣìṣẹ́ máa fi ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ pamọ́ fún ilé. Ní 2011, òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ní kí onílé ní ọ̀pọ̀ àdúgbò má ṣe gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun.

Kí a wá wo ọ̀ràn náà nípa ìṣirò. Kí a wí pé olùkọ́ kan jẹ ₦600,000, tí èlé rẹ̀ sì jẹ́ ₦4 lórí ₦100 lóṣooṣù. Èlé nìkan jẹ́ ₦24,000 lóṣù. Bí ó bá ń san iye yìí fún ọdún kan, yóò ti san ₦288,000, síbẹ̀ ₦600,000 ṣì dúró bí ó ti wà. Bí owó ilé rẹ̀ bá jẹ́ ₦20,000 lóṣù, ta ni ń jẹ ẹ́ jù, onílé tàbí gbèsè? Bí ó bá tún yá owó ra ilẹ̀, onílé kò ní lọ, nítorí ilẹ̀ lásán kì í ṣe ibùgbé. Olówó yóò sì di méjì. Ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbẹ̀fà.

Nítorí náà, kí onígbèsè tó ra ilé, kí ó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Gbèsè tí ó wà nílẹ̀, ṣé ó ń dínkù lóṣooṣù tàbí ó ń pọ̀ sí i? Owó tí yóò fi san ti ilé, ṣé owó tí ó dájú ni, tàbí ti ọjà tí ogun lè dí ọ̀nà rẹ̀? Ilé náà, ṣé gbèsè ti ara rẹ̀ nìkan ni yóò dúró fún? Bí ìdáhùn bá dára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó rà á. Kí ó má ṣe bẹ̀rù gbèsè tí ó ní òpin. Bí ọ̀kan bá kùnà, kí ó máa gbé ilé àyágbé rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn ìbàlẹ̀, kí ó máa san gbèsè, kí ó sì máa dá èsúsú. Ayálégbé tí gbèsè rẹ̀ ń tán ti bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀, bí ojú kò tilẹ̀ tíì rí i.

Lójú àwọn ará Èkó ìgbà náà, ìwé ilé ni ó sọ ènìyàn di onílé. Agogo gbàǹjo ni ó kọ́ wọn pé ẹni tí ó di gbèsè mú ni ó ni ilé náà.