Ohun tí Omi Ẹ̀gbin Milwaukee Mọ̀

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1993, wọ́n kéde nílùú Milwaukee, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, pé kí gbogbo ilé se omi ẹ̀rọ títí yóò fi hó kí wọ́n tó mu ún. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún ọ̀pọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, ènìyàn bí 403,000 ni ìgbẹ́ gbuuru ti bá jà, àwọn tó kú sì lé ní 50, tó jẹ́ pé àrùn éèdì ti jẹ agbára ara púpọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀. Kòkòrò àfòmọ́ Cryptosporidium ló bá omi ẹ̀rọ wọlé. Ohun tó ń dunni jù ni bí wọ́n ṣe fura: oògùn ìgbẹ́ gbuuru ń tán ní ilé ìtajà oògùn, àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kò yọjú síbi iṣẹ́ àti ilé ìwé. Ikùn aráàlú ló di ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi ẹ̀gbin tí kò tíì dé ibi ìwẹ̀nù ni mo gbà pé ó yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè.

Kòkòrò náà kì í ṣe àjèjì. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Tyzzer ti ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú eku ní 1907, wọ́n sì ti rí i lára ènìyàn ní 1976. Ẹyin rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 1,000 mìlímítà lọ, èèpo rẹ̀ sì le débi pé klorín inú omi ẹ̀rọ kì í ràn án. Ẹni tó bá ń wá a nínú omi tó mọ́ ní láti sẹ́ ọ̀pọ̀ lítà, kó fi ìlẹ̀kẹ̀ bíńtín tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà mú ẹyin náà kúrò nínú pàǹtí, kó pa á láró tí ń tàn, kó tó wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi. Àmọ́ nínú omi ẹ̀gbin, ohun tí gbogbo ilé yà ló wà lójú kan, àti ti ẹni tó lọ rí dókítà àti ti ẹni tó ra oògùn mu sílé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹ̀bi ru màlúù lẹ́yìn ìjàǹbá náà, pé òjò ló gbá ìgbẹ́ wọn dé adágún Michigan. Àmọ́ DNA kòkòrò náà tí wọ́n rí lára àwọn aláìsàn tọ́ka sí irú tó jẹ́ pé ènìyàn ló sábà ń gbé e. Ní 2003, ìwádìí kan jáde lórí omi ẹ̀gbin ìlú náà gan-an: àyẹ̀wò DNA tí wọ́n ń pè ní PCR fi hàn pé oríṣiríṣi kòkòrò yìí ló wà níbẹ̀, C. hominis ti ènìyàn àti C. andersoni ti màlúù. Ilé ìpẹran ni wọ́n fura sí pé ti màlúù ti wá. Omi inú ìgò kan ya ti ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹran.

Àwọn kan ní PCR kò mọ ẹyin tó ti kú yàtọ̀ sí èyí tó wà láàyè. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká fi í dájọ́ pé omi mímu dára tàbí kò dára. Ṣùgbọ́n ẹyin tó ti kú náà, inú ẹnìkan tàbí ẹran kan ló ti jáde, ohun tí à ń béèrè sì nìyẹn. Wọ́n tún ní ọ̀rá àti ẹrẹ̀ inú omi ẹ̀gbin ń dí PCR lọ́wọ́, tí yóò fi ní kò sí níbi tó wà. Ẹ jẹ́ kí a da ẹyin tí a ti kà sínú omi náà, kí a wo mélòó la rí padà. Nígbà náà la ó mọ bí “kò sí” ṣe wúwo tó.

Milwaukee ti gbé ẹnu páìpù rẹ̀ jìnnà sínú adágún, ó sì ti ń fi gáàsì ozone pa kòkòrò láti 1998. Iṣẹ́ ńlá ni méjèèjì, omi mímu ni wọ́n ń dáàbò bò. Àmọ́ wọn kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìgbẹ́ gbuuru ti bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò kan kí oògùn tó tán lórí àtẹ.