Nọ́ńbà Tó Dákẹ́: Ìwé Owó Pontiac àti GTO Ọdún 1964

Àwọn tó ṣáájú wa nínú ìwádìí yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò pé àbùkù ni nọ́ńbà ṣaasí GTO ọdún 1964 àti 1965 ní. Òótọ́ ni pé kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tó ya GTO sọ́tọ̀ lára LeMans mìíràn tó ní ẹ́ńjìnnì V8; ọdún 1966 ni GTO tó dá dúró, tí nọ́ńbà rẹ̀ wá ń fi 242 bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ n kò gbà pé àbùkù ni. Òfin General Motors nígbà náà kò fàyè gba ẹ́ńjìnnì tó ju 330 kúbíìkì ínǹṣì lọ nínú ọkọ̀ tó mọ níwọ̀n bẹ́ẹ̀. 389 ni Pontiac sì fẹ́ kì bọ̀ ọ́. Ni wọ́n bá gba ẹ̀yìnkùlé: wọn ò pè é ní ọkọ̀ tuntun, àfikún lórí LeMans ni wọ́n pè é, nǹkan bíi dọ́là 296. Lójú tèmi, ọgbọ́n yẹn gan-an ló pa nọ́ńbà náà lẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá pè é ní àìbìkítà akọ̀wé kò tíì bi ara rẹ̀ léèrè ta ni ìdákẹ́ ọ̀hún ṣe láǹfààní.

Ó wá ku ìwé owó tí ilé-iṣẹ́ kọ sí dílà, èyí tí Pontiac Historic Services ń ta ẹ̀dà rẹ̀. Bí kóòdù 382 bá wà nínú rẹ̀, GTO ni. Ó tán? Rárá o. Ohun tí wọ́n gba owó lé lórí yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n tò pọ̀, èyí náà sì yàtọ̀ sí ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lónìí. Ìwé lè sọ pé wọ́n san owó Tri-Power. Kò sọ pé kábúrétọ̀ mẹ́ta tí a ń wò yìí ni àwọn mẹ́ta ọjọ́sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni òdìkejì: Royal Pontiac ní Royal Oak, Michigan, a máa tún ẹ́ńjìnnì ṣe lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti kúrò nílé-iṣẹ́, wọ́n á pè é ní Bobcat. Ìwé owó ilé-iṣẹ́ kò lè mọ̀ nípa ìyẹn. Kí ni ká wá sọ fún àwọn tó ń fi àìsí rẹ̀ nínú ìwé já ọkọ̀ nírọ́? Wọ́n ń bi ẹlẹ́rìí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó ti relé.

Ti Ford kò le tó báyìí. Àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ Ford láti ọdún 1967, tí Kevin Marti ní lọ́wọ́, ṣe kedere. Chevrolet ló ṣòro: 4,475 tí gbogbo ayé ń pè fún ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì LS6 ọdún 1970 kò sọ iye tó jẹ́ olórùlé ṣíṣí, síbẹ̀ àwọn kan ń pín in bí ẹni pín ogún.

Ó ṣeé ṣe kí n sọ ọ́ ju bó ti rí lọ, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́: 32,450 tí a ń kà fún GTO ọdún 1964 kì í ṣe iye ọkọ̀ kan. Iye ìgbà tí wọ́n ta àfikún kan ni.