Ilé ọtí ní Ìlọrin

Ilé ọtí ní Ìlọrin ni àwọn ibi tí a ti ń ta ọtí ìbílẹ̀ àti ọtí inú ìgò ní Ìlọrin, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kwara ní Nàìjíríà. Lára wọn ni ilé ẹlẹ́mu, ilé tí a ti ń ta burukutu, bíà pálọ̀, àti àtẹ àwọn aláparagà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn gáréèjì ọkọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ti Ìlọrin yàtọ̀ nítorí pé abẹ́ àṣẹ Ẹ́míà ni ìlú náà wà, ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ìlú ń ṣe sì ka ọtí léèwọ̀.

Ìtàn

Lẹ́yìn ikú Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ní nǹkan bí ọdún 1824, Abdulsalami ọmọ Shehu Alimi ni ó di Ẹ́míà àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni òfin ẹ̀sìn ti ní ọwọ́ nínú bí a ṣe ń wo ọtí ní ìlú náà.

Ìjọba amúnisìn fi òfin tirẹ̀ kún un. Àdéhùn Brussels ti ọdún 1890 ti dènà kíkó ọtí líle ilẹ̀ Yúróòpù wọ àwọn apá Áfíríkà tí kò tíì gbilẹ̀ sí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá Àríwá Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900, wọ́n fi Ìlọrin sí i, wọ́n sì fòfin de títa irú ọtí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ níbẹ̀. Ní ìhà gúúsù, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: a ń ta jíìnì ní gbangba, owó ibodè orí rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó ń gbọ́ bùkátà ìjọba jù lọ. Báyìí ni Ìlọrin ṣe wà ní ààlà òfin méjì. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé ìlú náà ní ọdún 1908, ó sì gbé àwọn àlejò tí ọtí kì í ṣe èèwọ̀ fún wá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1949, ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó, bíà tí a pọn ní Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri.

Òfin

Òfin Ìjìyà Ẹ̀ṣẹ̀ ti Ẹkùn Àríwá, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960, sọ ní abala 403 pé Mùsùlùmí tí ó bá mu ohun tí ó ní ọtí nínú, yàtọ̀ sí èyí tí a lò fún ìwòsàn, jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀. Kwara jogún òfin yìí nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Òfin náà kò kan ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Nítorí náà, kò wọ́pọ̀ kí a rí ilé ọtí ní sàkáání ààfin Ẹ́míà àti Mọ́ṣáláṣí Gbogbogbò. Àdúgbò tí àwọn àlejò pọ̀ sí àti ojú ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà ni ó ti wọ́pọ̀.

Àwọn ohun mímu

Ẹmu ni omi ara ọ̀pẹ tàbí ti igi ògùrọ̀. Bí adẹ́mu bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sọ̀kalẹ̀, ó máa ń dùn, ọtí inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Láàárín wákàtí díẹ̀, ìwúkàrà tí ó wà nínú rẹ̀ á sọ ṣúgà di ọtí. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, yóò ti kan. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ìlọrin wà, ọ̀pẹ kò sì pọ̀ níbẹ̀ tó ti ilẹ̀ igbó, nítorí náà bí ẹmu ṣe tètè dé ọjà ni ó ń sọ bí yóò ṣe dùn tó.

Ọkà bàbà ni a fi ń ṣe burukutu. A ó rẹ ọkà náà sómi títí yóò fi hù, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, a ó po gààrí mọ́ ọn, a ó sè é, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Ògógóró ni èyí tí a fi iná yọ lára ẹmu tí ó ti kan. Paragà ni ògógóró tàbí ọtí líle mìíràn tí a rẹ ewé, egbò àti èèpo igi sínú rẹ̀. Àwọn tí ń tà á sábà máa ń pè é ní àgbo jẹ̀dí tàbí oògùn ara ríro.

Ewu àti ìlera

Ògógóró tí a kò pọn dáadáa, tàbí tí a lú, lè ní methanol nínú, èyí tí ó máa ń fọ́ ojú, tí ó sì ń pani. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan rò pé àrùn àràmàǹdà ni. Lẹ́yìn náà ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de ògógóró ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ṣùgbọ́n títà rẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń ṣú tàbí tí mímí nira fún lẹ́yìn tí ó mutí gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn kíákíá, nítorí pé oògùn tí ó ń dènà oró náà wà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú òfin tí ó de ọtí inú ọ̀rá. Lẹ́yìn ìfẹ̀hónúhàn àwọn tí ń ṣe é, a sún gbèdéke náà di òpin ọdún 2025.

Ewu kejì wà lójú pópó. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ bọ́ọ̀sì gbàgbọ́ pé paragà ń lé oorun lọ, bẹ́ẹ̀ ó máa ń dín ìfura kù ni. Àjọ FRSC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ti ń kìlọ̀ fún wọn lórí èyí.

Ìfiwéra

Ní erékùṣù Barbados ní Karibíánì, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí a ti ń ta ọtí rọ́ọ̀mù, tí a fi ìrèké ṣe, jẹ́ ibi ìpàdé ará àdúgbò. Bọ́ọ̀sì a máa kó àwọn àlejò yíká wọn láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, kí àwọn amutí má baà wakọ̀ fúnra wọn. Ní Ìlọrin, gáréèjì ni bọ́ọ̀sì àti ọtí ti sábà ń pàdé, awakọ̀ gan-an ni oníbàárà aláparagà.