Bí Bíréèkì Dísíkì Ṣe Dé Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù

Bí a bá ń ka ìtàn ẹ̀rọ, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe nǹkan àti ọdún tó ṣe é la sábà máa ń há sórí fún ìdánwò. Ìdajì ìtàn nìyẹn. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ àwọn tó fowó ra ọkọ̀, tí wọ́n rí i pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi nǹkan sílẹ̀, tí wọ́n sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀ fúnra wọn. Ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ kan ṣàlàyé: Ford Ranger, píkọ́ọ̀pù kékeré ti Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní in ló yọ axle ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tí wọ́n sì fi ti Ford Explorer rọ́pò rẹ̀ nítorí bíréèkì.

Ní 1902, ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Frederick Lanchester gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bíréèkì dísíkì. Ní ọdún yẹn kan náà, Louis Renault ní ilẹ̀ Faransé ń ṣiṣẹ́ lórí bíréèkì dúrọ́ọ̀mù. Dúrọ́ọ̀mù ló borí. Bàbà ni Lanchester fi ṣe ohun tó ń fún dísíkì rẹ̀ mọ́ra, ariwo rẹ̀ kò sì ṣeé fara dà. Dúrọ́ọ̀mù ní tirẹ̀ dákẹ́, kò wọ́n, ó sì rọrùn láti ṣe. Ó tó àádọ́ta ọdún kí dísíkì tó gbẹ̀san.

Ìdí tó fi gbẹ̀san kò le láti lóye. Nínú dúrọ́ọ̀mù, inú ni bíréèkì ṣúù wà, ó ń ti ara rẹ̀ mọ́ irin tó yí i ká. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tí awakọ̀ kò gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, irin náà á gbóná, á fẹ̀, á sì máa sún kúrò lọ́dọ̀ ṣúù. Ẹsẹ̀ awakọ̀ á wọlẹ̀, ọkọ̀ kò ní dúró. Bí omi bá wọnú rẹ̀, kì í tètè jáde. Ojú afẹ́fẹ́ ni dísíkì wà ní tirẹ̀: ooru ń tètè kúrò lára rẹ̀, bó sì ṣe ń yí ló ń gbọn omi dànù. Ní 1953, Jaguar gbé ọkọ̀ oní-dísíkì, tí wọ́n bá Dunlop ṣe bíréèkì rẹ̀, lọ sí eré ìje wákàtí 24 ní Le Mans. Tony Rolt àti Duncan Hamilton ló wà á, wọ́n sì gba ipò kìíní. Ní 1955, Citroën fi dísíkì síwájú ọkọ̀ DS tí aráàlú lè rà.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà, “síwájú”. Bí a bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ọkọ̀ máa ń sún síwájú, nítorí náà táyà iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ṣírò owó wọn: wọ́n fi dísíkì síwájú, wọ́n fi dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó dín ìnáwó kù, hándì bíréèkì sì rọrùn láti so mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ranger ṣe jáde gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 1983.

Lẹ́yìn náà ni Explorer dé, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 1991. Ara Ranger ni wọ́n ti bí i, wọ́n jọ ní ọ̀pọ̀ irin abẹ́ ọkọ̀ pọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe fún ọdún 1995, wọ́n fi dísíkì sẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ olówó rí bíréèkì tuntun gbà, ọmọ alágbàṣe tó ń ru pákó àti símẹ́ńtì kò rí i. Àwọn mẹkáníìkì ló tún ìpín náà pín.

Ìdí tó fi ṣeé ṣe ni pé axle Explorer ti 1995 sí 2001 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Ranger mu: gíá inú rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 8.8, bóòtù táyà rẹ̀ jẹ́ márùn-ún bíi ti Ranger, ọ̀pá inú rẹ̀ sì nípọn ju ti Ranger lọ. Ṣùgbọ́n “fẹ́rẹ̀ẹ́” ni mo wí. Lábẹ́ Explorer, orí síbírìǹgì ni axle jókòó sí. Lábẹ́ Ranger, abẹ́ síbírìǹgì ló wà. Nítorí náà, jórinjórin gbọ́dọ̀ gé ìjókòó síbírìǹgì àtijọ́ kúrò, kó sì jó òmíràn mọ́ òkè axle náà. Ó gbọ́dọ̀ wo bí ojú ibi tí pùròpẹ́là ń wọlé ṣe dagun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Ó sì gbọ́dọ̀ máa jó o díẹ̀díẹ̀, kí iná má baà tẹ irin náà. Wáyà hándì bíréèkì náà yàtọ̀. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé inú dísíkì Explorer, dúrọ́ọ̀mù kékeré kan ṣì wà níbẹ̀ fún hándì bíréèkì. Renault kò tíì kúrò nílé.

Ǹjẹ́ ọkọ̀ náà wá ń tètè dúró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Lójú ọ̀nà gbígbẹ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyàtọ̀ lè má pọ̀, torí iwájú ló ń ṣiṣẹ́ jù. Inú omi, inú ẹrẹ̀, tàbí lórí òkè gígùn pẹ̀lú ẹrù ni èrè rẹ̀ wà. Ewu náà sì wà. Bí píkọ́ọ̀pù bá ṣófo, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fúyẹ́. Bí agbára ọ́ìlì tó ń lọ sẹ́yìn bá pọ̀ jù fún bíréèkì tuntun náà, táyà ẹ̀yìn á kọ́kọ́ há, ìdí ọkọ̀ á sì fẹ́ yí wá síwájú. Bí ojú ibi tí wọ́n jó bá sì já lórí eré, kì í ṣe onímọ́tò nìkan ni yóò forí fá a.

Láti 2002, Ford yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Explorer padà, kò sí axle gbọọrọ kan mọ́. Ibi tí wọ́n ń kó òkú ọkọ̀ sí nìkan ni a ti lè rí ti àtijọ́. Ní 2009, ìjọba Amẹ́ríkà sanwó fáwọn èèyàn láti fi ọkọ̀ tó ń jẹ epo jù sílẹ̀, Explorer sì wà lára àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀. Òfin ní kí wọ́n ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n ta axle ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Ohun tí ìjọba pè ní àlòkù di ọjà. Ẹni tó bá mọ Ládípọ̀ ní Mushin kò ní nílò àlàyé.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi wá léèrè ìgbà tí bíréèkì dísíkì dé, ẹ jẹ́ ká béèrè padà pé ọ̀dọ̀ ta ló dé. Ó dé ọ̀dọ̀ Lanchester ní 1902, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn eléré ìje ní 1953. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ Ranger kò rí i títí ẹnì kan fi dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú iná ìjórin lọ́wọ́. Orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń dá ọkọ̀ náà dúró.