Ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run ní Ìlú Jos: Ìtùnú àti Ìlòkulò, 2001 sí 2018

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a yẹ bí ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run ṣe ṣiṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Jos àti agbègbè rẹ̀ wò. Àwọn kan fi dá ẹ̀mí sí. Àwọn mìíràn fi bo ìjà ilẹ̀ àti ìjà ipò lójú.

Iṣẹ́ ìwakùsà tíìnì lásìkò ìjọba amúnisìn ló sọ Jos di ìlú ńlá. Òun ló kó Haúsá, Igbo, Yorùbá àti àwọn mìíràn wá bá àwọn Berom, Anaguta àti Afizere. Nígbà tí ìjọba ológun dá ìjọba ìbílẹ̀ Jos North sílẹ̀ ní 1991, ìbéèrè kan wá le sí i: ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò? Ìdáhùn rẹ̀ ló ń pinnu ẹni tí yóò gba ìwé-ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀, ìwé-ẹ̀rí náà ló sì ń ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba àti ipò. Ní oṣù kẹrin 1994, yíyan alága ìjọba ìbílẹ̀ yìí dá rògbòdìyàn sílẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, 7 oṣù kẹsàn-án 2001, ni ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀. Aáwọ̀ kan nítòsí mọ́ṣáláṣí, níbi tí àwọn tó ń kírun ti dí ọ̀nà, ló tanná ràn án. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jà lórí ẹni tí ìjọba yàn láti darí ètò ìmúkúrò ìṣẹ́ ní Jos North. Láàrin bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀mí tó ṣòfò tó bí 1,000, gẹ́gẹ́ bí Human Rights Watch ṣe ṣírò rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2008, ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ló tún fà á. Wọ́n jó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jó mọ́ṣáláṣí.

A kò sọ pé ẹ̀sìn kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Orúkọ Ọlọ́run mú kí ó rọrùn láti ya ọ̀tá sọ́tọ̀, ó mú kí ìbárẹ́ dàbí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì fi ẹni tó ń jèrè ìjà pamọ́.

Ní 23 oṣù kẹfà 2018, nígbà tí ìkọlù pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Barkin Ladi, Ìmáàmù Abdullahi Abubakar ní abúlé Nghar, tó ti lé ní ẹni 80 ọdún, kó Kristẹni 262 pamọ́ sínú ilé rẹ̀ àti mọ́ṣáláṣí, ó sì bẹ àwọn olùkọlù pé kí wọ́n má wọlé. Ìdí tó sọ ni pé ó lé ní 40 ọdún tí àwọn Kristẹni abúlé náà ti fún àwọn Mùsùlùmí ní ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2019, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní àmì-ẹ̀yẹ. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i: ilẹ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ ní Jos ni ọrẹ tí a kò gbàgbé ní Nghar. Ìgbàgbọ́ tó rántí oore aládùúgbò ló di ibi ìsádi.

Láti 2001, ọ̀pọ̀ àdúgbò Jos ti pín sí ti Mùsùlùmí àti ti Kristẹni. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè dé kọ́lẹ́ẹ̀jì láìtíì bá ọmọ ẹ̀sìn kejì jókòó ní kíláàsì rí. Nítorí náà, a dámọ̀ràn pé kí olùkọ́ ìtàn kọ́ wọn láti máa bi ìbéèrè mẹ́ta nípa ìjà èyíkéyìí: kí ni wọ́n ń pín nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀? Ta ló jèrè? Ta ló fi aládùúgbò rẹ̀ pamọ́, kí sì nìdí? Bí a bá fi ìbéèrè kẹta sílẹ̀, ìkórìíra nìkan ni ọmọ yóò kọ́ nínú ìtàn wa.