Ìwọ̀n Ìmọ́lẹ̀: Láti Ọ̀dọ̀ Ibn al-Haytham Dé Orí Kámẹ́rà Ìràwọ̀

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni a fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ìwọ̀n gààrí lọ́jà, bí kò ṣe ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ohun tí a fi ń ríran lè gbà kí ó tó kún. Bí ààwẹ̀ bá ti ku ọ̀la, àwòrán òṣùpá a máa ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn, láti Àjùwọ̀n títí dé Ifọ̀. Ẹnìkan á ní òun ti rí i, ẹlòmíràn á ní irọ́ ni. Kí á tó fi àwòrán jẹ́rìí, ó yẹ kí á mọ ibi tí agbára ẹ̀rọ tó yà á pin sí.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì nínú Islām. Ní Basra ni a bí Ibn al-Haytham sí ní nǹkan bí ọdún 965. Cairo ni ó gbé títí ó fi kú ní nǹkan bí ọdún 1040. Ó kọ ìwé ńlá lórí bí ojú ṣe ń ríran, ó sì tún kọ ìwé kékeré kan lórí àwòrán oòrùn nígbà tí òṣùpá bá bò ó lójú. Ó ṣàlàyé pé bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn náà bá gba ihò tóóró wọ yàrá tó ṣókùnkùn, àwòrán tó máa hàn lára ògiri á tẹ̀ bí dòjé. Ṣùgbọ́n bí ihò náà bá fẹ̀ jù, àwòrán á di róbótó, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe oòrùn. Ẹ wo ọgbọ́n o! Oòrùn kò yí padà. Ihò ni ó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí á sún mọ́ ilé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, òṣùpá bo oòrùn pátápátá ní Príncipe, erékùṣù kan nínú òkun tó wà ní gúúsù ilẹ̀ wa. Àwọn Potogí ló ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì méjì, Arthur Eddington àti Edwin Cottingham, gbé awò ìràwọ̀ lọ síbẹ̀ láti wádìí ohun tí Albert Einstein sọ, pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó bá kọjá lẹ́bàá oòrùn a máa tẹ̀. Òkùnkùn náà kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún àti díẹ̀ lọ. Òjò rọ̀ láàárọ̀, kùrukùru sì bo sánmà. Awo dígí 16 ni wọ́n yà. Méjì péré ni ìràwọ̀ inú rẹ̀ tó fi ṣe ìṣirò. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní London lóṣù Kọkànlá ọdún náà, pẹ̀lú èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yà ní Sobral ní Bràsíìlì, ó gbe ọ̀rọ̀ Einstein lẹ́yìn.

Awo dígí ayé ìgbà náà a máa dúdú níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dúdú tó, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí yóò dé tí kò ní lè dúdú jù bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹni tó ń yà á gbọ́dọ̀ ṣọ́ àkókò: bí ó bá kéré jù, ìràwọ̀ kò ní hàn, bí ó bá pọ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ tó yí oòrùn ká á bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ní ọdún 1969, Willard Boyle àti George Smith ti Bell Labs ní Amẹ́ríkà ṣe ohun tí a ń pè ní CCD, èyí tó gba ipò awo dígí. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2009. Iṣẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí bí a ti ń gbe omi òjò. Ẹ fojú inú wo ọ̀kẹ́ àìmọye ife kéékèèké tí a tò sí àgbàlá. Ìmọ́lẹ̀ ni òjò. Àwọn electron tí ìmọ́lẹ̀ náà tú sílẹ̀ ni omi inú ife. Níwọ̀n ìgbà tí ife kò tíì kún, a lè fi í mọ bí òjò ṣe rọ̀ tó. Bí ó bá ti kún, òjò wákàtí kan àti òjò ọjọ́ kan di ọgbọọgba lójú rẹ̀. Omi rẹ̀ a sì máa ṣàn sínú ife ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìlà funfun gbọọrọ tó ń la ìràwọ̀ títàn kọjá nínú àwòrán mìíràn ti wá.

Báwo ni a ṣe ń mọ ibi tí ife ti kún? A ó ya ohun funfun kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò yí padà, fún ìṣẹ́jú àáyá 1, 2, 4, 8 àti 16. Ká ní òǹkà àkọ́kọ́ jẹ́ 5,000. Ó yẹ kí ó di 10,000, 20,000 àti 40,000. Ní àáyá 16 ó yẹ kí ó jẹ́ 80,000, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ìràwọ̀ kò lè kà ju 65,535 lọ. Ife náà sì lè kún kí òǹkà tó parí. Bí a bá rí 50,000 ní àáyá 12, níbi tó yẹ kí á ti rí 60,000, a jẹ́ pé ó ti kún nìyẹn. Ìdí nìyí tí onímọ̀ fi ń wọn kámẹ́rà rẹ̀ wò kí ó tó gba ẹ̀rí rẹ̀.

Fóònù ọwọ́ wa náà ní ife tirẹ̀. Bí ó bá gba ìmọ́lẹ̀ jù lálẹ́, òṣùpá tẹ́ẹ́rẹ́ lè di róbótó funfun, gẹ́gẹ́ bí ihò fífẹ̀ ti sọ àwòrán oòrùn dà. Ẹni tó fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ lè má purọ́; ẹ̀rọ rẹ̀ ni kò lè sọ òótọ́. Bákan náà ni ojú. Nígbà tí òṣùpá bá bo oòrùn, ìrun ni Ànábì wa pa láṣẹ, ó sì kọ́ wa pé kì í ṣe nítorí ikú ẹnikẹ́ni. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tẹjú mọ́ oòrùn nígbà náà. Kámẹ́rà tó kún ṣe é dà nù kí á tún un yà. Ojú tí oòrùn bá jó lè má padà bọ̀ sípò mọ́.

Ọlọ́hun kìlọ̀ fún wa nínú Suratul-Isra'i pé kí á má tẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ nípa rẹ̀, nítorí a ó bi etí, ojú àti ọkàn léèrè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ kéwú, ẹ kọ́ ìṣirò pẹ̀lú. Kí Ọlọ́hun Ọba fi òye yé wa. Àmín.