Ta Ló Máa Mọ̀ Pé Ìwé Rẹ Wà?

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ inú yín ń bi mí jù lọ ni pé: mo ti kọ nǹkan, mo ti gbé e jáde, ta ló máa mọ̀ pé ó wà? Ìtàn ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn lónìí, torí ìbéèrè yìí dàgbà ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ fíìfíì.

Ní 1792, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan pé ẹni tó bá ń tẹ ìwé ìròyìn lè fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbikíbi lórílẹ̀-èdè yìí, láìsan kọ́bọ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Báyìí ni ìwé ń wá bá olóòtú láti ọ̀nà jíjìn. Á mú àlùmọ́gàjí, á gé èyí tó dùn mọ́ ọn, á tẹ̀ ẹ́ sínú tirẹ̀, á sì dárúkọ ìwé tó ti rí i. Orúkọ yẹn gan-an lèrè. Ẹni tó wà ní Boston á gbọ́ pé ìwé kan wà ní Pittsburgh.

Pittsburgh yẹn ni Martin Delany wà. Èèyàn dúdú ni, wọ́n bí i lómìnira ní Virginia ní 1812. Ní 1843 ó dá ìwé ìròyìn The Mystery sílẹ̀. Ìwé kékeré ni, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ńlá ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀, títí kan The Liberator ti William Lloyd Garrison ní Boston. Bí orúkọ Delany ṣe rìn jìnnà ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ nìyẹn.

Frederick Douglass ní tirẹ̀, ọmọ Maryland níbí ni, Talbot County, lódìkejì omi Chesapeake. Ẹrú ni wọ́n bí i, ó sá ní 1838. Ní ọjọ́ 3 oṣù December 1847 ó gbé The North Star jáde ní Rochester, Delany sì di olóòtú pẹ̀lú rẹ̀. Dọ́là 2 lọ́dún. Delany kò jókòó sílé. Ó gba ọ̀nà lọ, ó ń sọ̀rọ̀ fáwọn èèyàn láti ìlú dé ìlú, ó ń gba orúkọ àwọn tó máa san owó ọdún. Ní Marseilles, ní Ohio, ní 1848, àwọn jàǹdùkú ká a mọ́, díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa á. Ẹ rántí ìyẹn nígbà míì tó bá ń sú yín láti sọ fún èèyàn mẹ́ta pé ẹ ti kọ nǹkan.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dárúkọ rẹ lónìí lè dákẹ́ lọ́la. Ní 1851 Douglass sọ pé òun kò gbà pẹ̀lú Garrison mọ́ lórí ìwé òfin Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń bá òwò ẹrú jà kò fẹ́ kí ìwé rẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n ń gba àwọn èèyàn níyànjú láti kà mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gan-an. Gerrit Smith ló gbà á sílẹ̀: wọ́n da ìwé àwọn méjèèjì pọ̀ lọ́dún náà. Lójú tèmi, ohun tó dára ló ṣe. Ìwé tó bá ń bẹ̀rù kí wọ́n má yọ orúkọ rẹ̀ kò ní sọ nǹkan kan tó dá yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Ní ọjọ́ 3 oṣù December 1859 (ẹ wo ọjọ́ náà dáadáa), Henry Townsend gbé Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta, ní 120 owó ẹyọ. Oṣù yẹn kan náà ni Delany, àní Delany yìí, àti Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Aláké Òkúkẹ̀nù. Townsend kò rí ẹlẹgbẹ́ kankan nítòsí tó lè tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀. Àwọn òǹkàwé gan-an ló ní láti kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ó ń fi ìwé náà mú àwọn Ẹ̀gbá kọ́ ìwé kíkà. Campbell padà wá, ó fìdí kalẹ̀ sí Èkó, ó sì bẹ̀rẹ̀ The Anglo-African ní 1863. Òun náà mú àlùmọ́gàjí, ó ń gé láti inú ìwé òkè òkun. Gómìnà Freeman kò fẹ́ ìwé náà rárá. Ní ìparí 1865 ó kásẹ̀ nílẹ̀. Ní 1867, nígbà Ìfọ́lé, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Townsend náà jẹ́.

Ní 1872 iná jó ilé Douglass ní Rochester. Gbogbo ẹ̀dà ìwé ìròyìn tó tò jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún jóná níbẹ̀. Èyí tí à ń kà lónìí, ọwọ́ àwọn tó ti fi ránṣẹ́ sí la ti rí i.